Maṣíìnì Inú Yàrá Ìjẹun

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé obìnrin náà ń jà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà pé iṣẹ́ ti tán. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi dúró nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, tó ń na abẹ àti àlùmọ́gàjí sí dókítà kí dókítà tó la ẹnu. Wọ́n ṣe ìdágbére fún un, wọ́n fún un ní aago ògiri, ó gbé e délé, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti tún kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tò lẹ́ẹ̀mẹrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ bu ṣúgà sí tíì, ó mu ún, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Iyọ̀ ni.

"Ìyá Ìbejì," ó ń da tíì náà nù lójú fèrèsé bó ṣe ń sọ̀rọ̀, "ṣé o ò lè sinmi bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni?"

"Mo ṣe bí ìsinmi náà nìyí."

"Ìsinmi wo ló ń ṣí ṣúgà nípò pa dà?"

Ọkùnrin yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa ìsinmi, torí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkun ló fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ girama. Láti ọdún mẹ́rin tí òun náà ti fẹ̀yìn tì, ó ní àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní rédíò kan, ó ní ìwé ìròyìn, ó sì ní oorun ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, Nọ́ọ̀sì ń wá ibi tí yóò gbin ata sí lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó fa tapólì gbígbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aláǹgbá méjì sá jáde, ó sì rí ohun tó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀: maṣíìnì Tíṣà. Ká sọ òótọ́, ohun tó kù lára rẹ̀ ni. Pupa ara táǹkì ti di àwọ̀ erùpẹ̀. Koríko ti gba àárín sípóòkù kọjá, ó ń bá tirẹ̀ lọ sókè. Táyà méjèèjì ti sán bíi gìgísẹ̀ ẹni tí kì í fi ìpara kàn án, eku ti bímọ sínú ìjókòó lọ́pọ̀ ìgbà, ìpẹtà sì ti jẹ sálẹ́ńsà débi pé ìka ń wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ lé ìbàdí. Inú rẹ̀ ṣàdédé dùn, bí inú dókítà ṣe máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá gbé aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kókó wọlé.

Ìtàn maṣíìnì yìí kì í ṣe tuntun. Kò sí ọmọ, kò sí àna, kò sí nọ́ọ̀sì kékeré kan tí obìnrin yìí kọ́ níṣẹ́ tí kò tíì gbọ́ ọ. Nígbà tó ṣì jẹ́ omidan, ilé àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, lórí òkè, ló ń gbé. Ọkùnrin mẹ́ta ló ń wá kí i. Ọ̀kan ní ọkọ̀, fèrè ló sì máa ń fọn láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé ẹnu géètì. Èkejì ní maṣíìnì ńlá kan tí ariwo rẹ̀ ń jí àwọn aláìsàn kalẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Tíṣà. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni yóò yọ ní ìsàlẹ̀ òkè nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, awò dúdú lójú, tí yóò máa fẹsẹ̀ rìn, tí yóò máa ti maṣíìnì rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí òógùn yóò ti mú ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọjọ́ tí omidan bi í pé kí ló dé tí kì í gùn ún dókè, ó nu iwájú orí, ó ní, "Àwọn aláìsàn ń sùn. Mo máa ń pa á sísàlẹ̀ kí n má baà dí wọn lọ́wọ́." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá pé òun ti rí ọkọ.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Tíṣà kò gbé e sẹ́yìn maṣíìnì rí. "Mi ò ní gbé ìyàwó mi lé orí ẹsẹ̀ méjì," ohun tó máa ń wí nìyẹn, Nọ́ọ̀sì sì fi èyí náà kún ìtàn. Àbúrò Tíṣà ọkùnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló ń gbé maṣíìnì náà lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, títí ibi iṣẹ́ fi gbé àbúrò náà lọ sí ìlú mìíràn. Maṣíìnì ti bàjẹ́ díẹ̀ nígbà náà, Tíṣà sì ní òun yóò tún un ṣe bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn, ọwọ́ náà ò sì tíì dilẹ̀, títí kan ọdún mẹ́rin tó fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Òjò ń ṣú lọ́jọ́ Túsìdeè yìí. Nọ́ọ̀sì pe àwọn bíríkìlà méjì tó ń mọ ògiri nílé kejì, wọ́n bá a fa maṣíìnì tu kúrò nínú koríko, wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Nígbà tí Tíṣà máa fi jí lójú oorun ọ̀sán, tábìlì ìjẹun ti wà lára ògiri, àwọn àga ti gun orí ara wọn, maṣíìnì sì dúró láàárín yàrá lórí aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn kan tó ti gbó.

"Kí lèyí?" ni Tíṣà bi í.

"Aláìsàn ni."

"Ìyá Ìbejì, ibi tá a ti ń jẹun nìyí!"

"Ẹ máa jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣebí ibẹ̀ lẹ ń gbé."

Tíṣà wò ó, ó wo maṣíìnì, ó tún wò ó. Ó ní àwọn tó ṣe é ti dẹ́kun ṣíṣe é, kò sí ohun èlò rẹ̀ lọ́jà mọ́, ìpẹtà lè gé ènìyàn lọ́wọ́ kó di egbò, àti pé fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri pálọ̀ ti tó fi rántí rẹ̀. Fọ́tò náà dára lóòótọ́: Tíṣà nìyẹn lórí maṣíìnì, awò dúdú lójú, ọwọ́ kan lórí àńdù, èkejì nínú àpò. Nọ́ọ̀sì ti ń wọ ìbọ̀wọ́.

Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mẹkáníìkì àgbà kan wà lápá ìsàlẹ̀ ìlú tí wọ́n ń pè ní Bàbá Gíríìsì. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ló sì dì mú títí oorun abẹ́rẹ́ fi gbé e lọ. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé, Nọ́ọ̀sì sì pè é lórí fóònù.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn," ló wí lójú ẹsẹ̀. "Ẹ wá tẹ kíìkì."

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́. Kíìkì kò mira.

"Ẹ tún tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, bí ẹni ń tẹ òpó ilé ni."

"Ó ti gan. Ẹ má fipá mú un o. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ rọ ọ́ sínú ihò ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Lójoojúmọ́, ẹ ki í sí jíà, kẹ́ ẹ máa mi táyà ẹ̀yìn, síwá, sẹ́yìn, bí ẹni ń rẹ ọmọ."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òògùn ni Nọ́ọ̀sì ka kẹrosíìnì yẹn sí, ó ń rọ ọ́ pẹ̀lú síríńjì, ó ń kọ aago tó fún un sára páálí kan tó so mọ́ àńdù. Ó tú gbogbo nǹkan tó ṣe é tú. Bóòtù, nọ́ọ̀tì, sípíríńgì, wáyà, ó kó wọn sínú àwọn àwo irin tó tẹ̀ kọdọrọ bíi kíndìnrín, ó lẹ pílásítà ojú egbò mọ́ àwo kọ̀ọ̀kan lára, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó sì kọ iye ohun tó wà nínú àwo sínú ìwé. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ìpẹtà. Ó fi sáńpépà ha táǹkì títí irin fi dán gbinrin. Àwọn ìbejì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ní ilé tirẹ̀ nílùú òkèèrè, pè é lórí fóònù, Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ bá dádì òun sọ̀rọ̀, bóyá ara màmá òun ò yá.

Ní ọjọ́ kẹrin, bí Nọ́ọ̀sì ti ń mi táyà síwá sẹ́yìn, ohun kan dún "kọ́!" nínú ẹ́ńjìnnì, táyà sì yí. Ó pariwo. Tíṣà sáré wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

"Ó ti ń yí! Bàbá Ìbejì, ó ti ń yí!"

"Ó ti ń yí?" Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etè nìkan ni ẹ̀rín náà dé. "Ó dára. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ o ò ṣe jẹ́ ká kàn kùn ún ní ọ̀dà, ká gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kó máa jẹ́ ohun ẹ̀ṣọ́?"

"Ohun ẹ̀ṣọ́ kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ máa gùn ún jáde ní Sátidé tó ń bọ̀. Èmi á jókòó sẹ́yìn. A ti dàgbà báyìí, ẹ̀rù ẹsẹ̀ méjì ò bà mí mọ́."

Tíṣà pa dà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tan rédíò. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin tí kì í kọjá sí yàrá ìjẹun mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gba ibẹ̀ ní ìgbà méje lóòjọ́, tó ń yẹ inú àwọn àwo wò, tó ń bèèrè pé kí ni èyí, pé ṣé ó ṣe pàtàkì, pé bí kò bá sí ńkọ́. Nọ́ọ̀sì rò pé iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára ni. Inú rẹ̀ dùn.

Ó kan kabúrétọ̀. Bàbá Gíríìsì ti kìlọ̀ fún un pé ibẹ̀ ni ọkàn maṣíìnì wà. Nínú rẹ̀ ni ohun kékeré onídẹ kan tí wọ́n ń pè ní jéètì wà, kò ju èékánná ọmọ ìka lọ, ihò inú rẹ̀ sì tín-ínrín bíi ti abẹ́rẹ́. Ihò yẹn ni bẹntiróòlù ń gbà. Nọ́ọ̀sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé e sókè wo iná fèrèsé títí ó fi rí ìmọ́lẹ̀ níhà kejì, ó wá tọ́jú rẹ̀ sínú àwo keje. Ó lọ fọwọ́. Nígbà tó pa dà dé, ó ka ohun tó wà nínú àwo náà. Ìwé sọ pé mẹ́rin. Mẹ́ta ló bá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ iye ṣe rí lára obìnrin yìí. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọn kì í rán ikùn aláìsàn títí iye irinṣẹ́ yóò fi pé. Dókítà ìbáà máa kánjú, ilẹ̀ ìbáà máa mì, bí àlùmọ́gàjí kan bá dín, gbogbo ènìyàn dúró síbi tó wà. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni irinṣẹ́ dín lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlógójì, abẹ́ bàtà dókítà ni wọ́n sì ti bá a. Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ti ilẹ̀kùn iwájú. Ó gbá gbogbo yàrá, ó fọwọ́ tẹ aṣọ ibùsùn kiri, ó gbọn ìgbálẹ̀, ó tú bàtà ara rẹ̀ wò. Ó wá dúró síwájú ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga yẹn."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Iye ò pé."

Tíṣà dìde. Ó gbọn tìmùtìmù àga fúnra rẹ̀. Ó fa àpò ṣòkòtò méjèèjì síta. Ó ṣe gbogbo èyí pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tó pọ̀ jù, Nọ́ọ̀sì sì ti wo ojú àwọn aláìsàn tó ń purọ́ pé àwọn ò tíì jẹun kí wọ́n tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ó mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ó kàn dúró, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Tíṣà mú àpò awò ìkàwé rẹ̀ nínú àpò àyà, ó ṣí i, ó sì mú jéètì jáde.

"Ẹ jókòó," ni Nọ́ọ̀sì wí. Òun náà fa àga kan. "Mo ń gbọ́."

Tíṣà pa àpò awò náà dé. "Mi ò mọ maṣíìnì gùn."

"Ẹ ti gbàgbé ni? Ìyẹn ò le. Ara á rántí."

"Ìyá Ìbejì, mi ò gbàgbé. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ọ̀rọ̀ wá tú yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, bí ìgbà tí ẹni tí eyín ti ń dùn bá bọ́ sọ́wọ́ oníṣègùn eyín nígbẹ̀yìn. Tíṣà ra maṣíìnì náà nígbà èwe, torí pé gbogbo tíṣà tuntun ló ń rà á. Ọjọ́ kìíní tó gùn ún, ògiri ilé ìdáná ilé ìwé ló fi í gbá, pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà àwọn ọmọ ilé ìwé. Kò tún gùn ún mọ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń wà á. Ní ọ̀sán Sátidé, àbúrò á gbé e títí dé ìsàlẹ̀ òkè ilé ìwòsàn, á sọ̀ kalẹ̀, á wọ ilé oníbùrẹ́dì lọ máa jẹ búrẹ́dì oníbọ́tà, Tíṣà á wá wọ awò dúdú, á máa tì í lọ sókè.

"Àwọn aláìsàn tó ń sùn ńkọ́?" Ohùn Nọ́ọ̀sì ti lọ sílẹ̀ gan-an.

"Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà nìyẹn."

"Àti pé ẹ ò ní gbé mi lé orí ẹsẹ̀ méjì?"

Tíṣà wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba jéètì lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ dá a pa dà sínú àwo keje, ó fàmì sí i nínú ìwé pé iye ti pé, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ilé fi dákẹ́. "Ẹ káàárọ̀." "Oúnjẹ yín wà lórí tábìlì." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà gbá àgbàlá láìsí ẹni tó rán an. Ó fọ abọ́. Ó ká aṣọ, ó ká a sódì. Kò sí èyí tó wọ obìnrin náà lára. Kì í ṣe pé ọkùnrin kan ò mọ maṣíìnì gùn ló ń dùn ún. Ìtàn tirẹ̀ ló ń dùn ún, èyí tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sọ fún ayé pé ẹ wo ohun tí mo fi mọ ọkọ mi yàtọ̀. Ó pe Bàbá Gíríìsì, ó rọra bi í bóyá Tíṣà ti gun maṣíìnì rí.

Mẹkáníìkì àgbà náà dá a lóhùn. "Màmá, ta ni ò mọ̀? Àbúrò ló máa ń gbé e wá tún ṣe lọ́dọ̀ mi. Tíṣà kì í gun kẹ̀kẹ́ gan-an. A ṣe bí ẹ mọ̀."

Ìyẹn ló wá da epo síná ọ̀rọ̀ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Nọ́ọ̀sì gbọ́ agogo alájẹkù irin tó ń fi ọmọlanke kó irin gbígbó kiri àdúgbò. Ó pariwo sí i láti ojú fèrèsé pé kó dúró. Ó da gbogbo àwo sínú àpò kan, ó gbé àpò náà kọ́ àńdù, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti maṣíìnì jáde fúnra rẹ̀. Táyà tuntun ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó rọrùn títí dé àgbàlá. Ṣùgbọ́n láti àgbàlá dé títì, ilẹ̀ gòkè díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí, kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Nígbà tó dé ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀mí rẹ̀ ti ń já. Nígbà tó dé mẹ́sàn-án, apá rẹ̀ ń gbọ̀n, maṣíìnì fẹ́ yí lulẹ̀ sórí rẹ̀, ó fi itan gbé e dúró, ó fi òkúta há táyà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ó pe Bàbá Gíríìsì lórí fóònù. "Bàbá, kílò mélòó ni nǹkan yìí?"

"Bí gbogbo ara rẹ̀ bá pé, á lé ní ọgọ́fà."

Nọ́ọ̀sì wo ìṣísẹ̀ mọ́kànlá tó kù. Ó wá rántí òkè ilé ìwòsàn. Òun fúnra rẹ̀ ti bá wọn ti aláìsàn lórí ibùsùn onítáyà gun òkè yẹn lọ́jọ́ tí mọ́tò ilé ìwòsàn bàjẹ́, àwọn mẹ́rin ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì dúró mí. Oṣù méje ni Tíṣà fi ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn Sátidé náà lórí ìka, ó kà á kọjá ọgbọ̀n.

"Màmá," alájẹkù irin ti dé ẹnu géètì, "ṣé ẹ ń tà á àbí ẹ ò tà á?"

"Mi ò tà á mọ́, ọmọ mi. Wá bá mi tì í pa dà."

Tíṣà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rí gbogbo rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá kí òun sọ̀ kalẹ̀ tàbí kí òun jókòó. Nọ́ọ̀sì dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú òógùn lójú.

"Kí ló dé tẹ́ ò fi maṣíìnì sílẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kàn fẹsẹ̀ rìn wá?"

"Àwọn méjì tó kù ní ohun tí wọ́n ń gùn. Mi ò fẹ́ kí o rò pé mi ò ní."

"Àti lẹ́yìn ìgbéyàwó? Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Bàbá Ìbejì. Ẹ ò rí ọjọ́ kan sọ ọ́?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tá a ṣègbéyàwó. Nígbà tí n ó fi dé pálọ̀, o ti ń sọ ìtàn náà fún ìyá mi. Ìyá mi ń sunkún ayọ̀." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sọ wọ́n kalẹ̀. "Bí o ṣe ń sọ ọ́ dáa débi pé, nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ dá a lóhùn, ẹ̀rín ló jáde. Ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò ṣe é ṣe, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà dúró, ó ń wò ó tìfuratìfura, lẹ́yìn náà òun náà bẹ̀rẹ̀. Alájẹkù irin, tó ṣì di maṣíìnì mú nínú àgbàlá, ní òun ní ibòmíràn tí òun ń lọ o.

Láti ọjọ́ náà ló di iṣẹ́ ènìyàn méjì. Ó gba ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n tó tún to gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì dà pọ̀ sínú àpò yẹn sínú àwo, àwo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀. Tíṣà ló ń ka ìwé, Nọ́ọ̀sì ló ń ṣa. Wọ́n jà lórí ọ̀dà: Tíṣà fẹ́ pupa, Nọ́ọ̀sì ní pupa ti tó, aró ni wọ́n kùn ún nígbẹ̀yìn, ọwọ́ Tíṣà ló sì kun táǹkì torí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ pẹ̀lú yíya àwòrán ayé sára pátákó. Ìjókòó tuntun wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rán ìjókòó ọkọ̀. Sálẹ́ńsà, wẹ́dà kan lẹ̀ ẹ́ ní ibi mẹ́rin, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n rán egbò.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé e sí àgbàlá. Àwọn bíríkìlà ilé kejì fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gun orí ògiri tí wọ́n ń mọ. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù lé ìjókòó kí Bàbá Gíríìsì lè máa gbọ́, ó ṣí bẹntiróòlù, ó tẹ kíìkì. Kò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀kẹfà, ó sín bí ẹni tí atẹ́gùn gbá. Ní ẹ̀kẹsàn-án, ó wúkọ́, èéfín dúdú bo Tíṣà lójú.

"Ẹ ti ń rọ epo jù fún un!" Bàbá Gíríìsì ń pariwo lórí fóònù. "Ẹ pa epo, ẹ tẹ̀ ẹ́ lófìfo lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wá ṣí i!"

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wúkọ́, ó kùn, ó fẹ́ kú, Nọ́ọ̀sì fún un níná díẹ̀, ó sì gbà. Dùgù, dùgù, dùgù. Gbogbo àgbàlá ń gbọ̀n. Àwọn bíríkìlà hó yèè. Tíṣà, tí èéfín ti sọ ojú rẹ̀ dúdú, gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra lójú gbogbo ènìyàn, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Bàbá, ẹ gùn ún!" ni ọ̀kan lára àwọn bíríkìlà kígbe. "Ẹ gùn ún, ká rí i!"

Nọ́ọ̀sì wo ọkọ rẹ̀. Ó ti la ẹnu láti bá a wá àwáwí, ṣùgbọ́n Tíṣà ṣáájú rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n gùn," ló wí, ó sì wí i sókè dáadáa. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ìyàwó mi ló máa kọ́kọ́ kọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Wọ́n fi takisí gbé Bàbá Gíríìsì wá sí pápá ilé ìwé girama ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, wọ́n fún un ní àga àti agbòòrùn, ó jókòó sínú pápá bí adájọ́, ó ń pàṣẹ. "Kílọ́ọ̀ṣì! Jíà! Ẹ rọra tú u! Rọra ni mo wí!" Nọ́ọ̀sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kìíní, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta ó yí pápá náà ká láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, àṣíborí lórí, ẹnu là sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dán an wò wo ọjọ́ ìbí tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ó wò ó lójú, ó bi í pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Mo fẹ́ máa fi gbé ọkọ mi jáde." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó sì ń gbé e jáde lóòótọ́. Tíṣà jókòó sẹ́yìn, ọwọ́ méjèèjì yí ìbàdí ìyàwó rẹ̀ ká, ó ń sọ orúkọ gbogbo òkè tí wọ́n bá kọjá àti bí ó ṣe ga tó, Nọ́ọ̀sì ò gbọ́ ìdajì rẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Táyé ní kí wọ́n ya fọ́tò ránṣẹ́ sí òun. Kẹ́hìndé ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa rọra.

Ìtàn àwọn aláìsàn tó ń sùn, Nọ́ọ̀sì ṣì ń sọ ọ́. Àmọ́ ó ti wá gùn sí i báyìí, ìkòkò ẹ̀wà ti wà nínú rẹ̀, oníbùrẹ́dì náà ti wà nínú rẹ̀, Tíṣà gan-an ló sì máa ń sọ ibi tó ti gbá ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, nínú pápá kan náà, tí Bàbá Gíríìsì tún wà lórí àga lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀, Tíṣà ní òun fẹ́ gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó wọ àṣíborí, ó gun orí rẹ̀, ó tú kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, maṣíìnì fò síwájú bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì kú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ní ẹ̀kẹsàn-án, ó lọ. Ó lọ gbọọrọ, nínú jíà kìíní, ẹsẹ̀ méjèèjì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ tó fẹ́ balẹ̀, Nọ́ọ̀sì ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bíréèkì!" Nọ́ọ̀sì ń kígbe. "Bàbá Ìbejì, bíréèkì!"

"Èwo ni?"

"Ti ọwọ́ ọ̀tún!"

Tíṣà yí ọwọ́ náà, ó fún maṣíìnì níná dípò kó fa bíréèkì. Ó wọ inú òdòdó ẹ̀gbẹ́ pápá lọ, òdòdó gbà á mọ́ra, maṣíìnì kú jẹ́ẹ́. Nọ́ọ̀sì dé ibẹ̀, ó yẹ orí rẹ̀ wò, ó yẹ ọrùn, ó yẹ orúnkún. Kò sí nǹkan kan, ewé ló kún inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Tíṣà tún àṣíborí rẹ̀ tò. Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ ọdún méjìlá. "Lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí.

Bàbá Gíríìsì dìde, ó gbé àga àti agbòòrùn rẹ̀, ó sì kó wọn lọ sẹ́yìn igi gólù.